Wọlé tán, wọ́n tún lé mi síta: sẹ́ṣọ̀n PHP lórí sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

AjiletePHP

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìbéèrè mi dá lé. Ọmọ ẹgbẹ́ á fi nọ́ńbà fóònù àti pásíwọ́ọ̀dù wọlé, á wo iye tó ti fi pamọ́, á wo èyí tó kù nínú owó tó yá, á sì fi káàdì san ti oṣù tuntun. Fóònù ni èyí tó pọ̀ jù fi ń wọlé. Àwọn kan ń lo káfè ní Under G. Àwọn tó ń ra kajú sì ń wọlé láti oko lápá Ìrẹsà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ.

VPS (sáfà àyálò) kan ni: Ubuntu, nginx tó ń pín ojú ewé, PHP-FPM 8.1 àti MySQL. Kò sí framework kankan. Fáìlì kan wà tí gbogbo ojú ewé ń pè kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí sẹ́ṣọ̀n (bí sáfà ṣe ń rántí ẹni tó ti wọlé) nìyí:

```
ini_set('session.gc_maxlifetime', 28800);
session_set_cookie_params([
  'lifetime' => 28800, 'secure' => true,
  'httponly' => true, 'samesite' => 'Strict']);
session_start();
session_regenerate_id(true);
```

Wákàtí 8 ni mo kọ síbẹ̀, àmọ́ bí èèyàn bá gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀, kí wákàtí kan tó pé wọ́n á ti lé e síta. Nígbà mìíràn ìṣẹ́jú 25, nígbà mìíràn ó ju 50 lọ. Mi ò rí ìlànà kankan nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá lọ fi káàdì sanwó, bó bá ti padà dé láti ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó, á bá ara rẹ̀ níbi tí a ti ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Owó ti kúrò ní báńkì, sáìtì ò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Àwọn tó wà lóko ní tiwọn ò tiẹ̀ nílò láti gbé fóònù sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ojú ewé kan bọ́ sí èkejì, wọ́n á já.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo tan fastcgi_cache (ibi tí nginx ti ń fi ẹ̀dà ojú ewé pamọ́) kí sáìtì lè yá, ọmọ ẹgbẹ́ kan tún sọ pé òun rí orúkọ àti owó ẹlòmíràn nígbà tí òun ṣí ojú ewé òun. Mo kọ `fastcgi_ignore_headers Cache-Control Expires Set-Cookie;` síbẹ̀ torí láìsí i, kò sí ohun tó ń wọ inú cache náà.

Ẹnìkan ní kí n da sẹ́ṣọ̀n nù kí n lo JWT (tókìnì tí sáfà fọwọ́ sí, tí bùráúsà á máa gbé kiri). Kí lẹ rí sí i?

OnisafaSabo

Ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ ná. Èyí tí ẹ fi ṣe ìparí ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ pa fastcgi_cache báyìí, kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Nginx fúnra rẹ̀ kì í fi ìdáhùn tó bá gbé Set-Cookie dání pamọ́ (ìlà tó ń fún bùráúsà ní kúkì, ìyẹn nọ́ńbà tí sáfà fi ń mọ ẹni tó wọlé). PHP náà, bí session_start() bá ti ṣiṣẹ́, máa ń fi Cache-Control: no-store ránṣẹ́, pẹ̀lú Expires tó ń kà 19 Nov 1981. (Inú PHP ni ọjọ́ yẹn ti wá. Aago sáfà yín ò bàjẹ́.) Ìlà ignore_headers yẹn lé ẹ̀ṣọ́ méjèèjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ojú ewé lẹ́yìn tí cache ṣófo, ojú ewé tirẹ̀ ni nginx ń pín fún gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé e, títí àkókò cache á fi pé.

Owó tí wọ́n rí ló kéré jù níbẹ̀. Session_regenerate_id, tó ń pààrọ̀ nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n, wà lórí gbogbo ojú ewé yín, ìyẹn ni pé gbogbo ìdáhùn yín ló gbé kúkì tuntun dání, nginx sì ń pín kúkì náà mọ́ ojú ewé. Ẹni kejì á gba kúkì ẹni àkọ́kọ́. Sáfà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn mọ́: ẹni kejì lè béèrè owó yíyá lórúkọ ẹni àkọ́kọ́, ó lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ tẹ nǹkan nínú àwọn méjèèjì ló ń já sẹ́ṣọ̀n náà gbà mọ́ ìkejì lọ́wọ́. Díẹ̀ nínú àwọn tí ẹ ní wọ́n ń já yẹn lè jẹ́ irú èyí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ yọ àwọn ìlà fastcgi_cache kúrò lórí ojú ewé tó ní ìwọlé, `nginx -t`, lẹ́yìn náà `systemctl reload nginx`. Ẹ pa ohun tó wà nínú fódà cache rẹ́. Ẹ wá pa gbogbo fáìlì `sess_*` tó wà ní /var/lib/php/sessions rẹ́. Bí ẹ bá fo èyí, ẹni tí kúkì ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣì wà nínú ilé onílé. Kí gbogbo èèyàn tún wọlé lákọ̀tun, kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì dúró di òru.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó ti dátábéèsì. Láti ọjọ́ tí ẹ tan cache, èwo nínú nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti pásíwọ́ọ̀dù ló yí padà? Kí akọ̀wé pe àwọn tó ni ín lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àtijọ́ ni kó sì fi pè wọ́n.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ cache fún ojú ewé ìkéde àti ojú ewé àkọ́kọ́ tí kò nílò ìwọlé, ẹ yọ ìlà ignore_headers, kí ojú ewé náà má pe session_start() rárá, kí ẹ sì fi èyí kún un:

```
fastcgi_cache_bypass $cookie_PHPSESSID;
fastcgi_no_cache $cookie_PHPSESSID $upstream_http_set_cookie;
add_header X-Cache-Status $upstream_cache_status;
```

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ $cookie_PHPSESSID nìkan. Ẹni tó ń wọlé bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò tíì ní kúkì lọ́wọ́. Inú ìdáhùn ni kúkì rẹ̀ wà, $upstream_http_set_cookie nìkan ló sì ń wo ibẹ̀. Kí ẹ dán an wò, ẹ fi `curl -sI` pe ojú ewé ọmọ ẹgbẹ́ nígbà méjì. Bí X-Cache-Status bá kà HIT (pé inú cache ló ti wá) níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún pa á.

IyaLinux

Àbúrò, ìlànà wà nínú ìṣẹ́jú 25 àti 50 yẹn, ìwọ lo ò tíì rí i.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé-ìwòsàn. Wọ́n á fún ọ ní káàdì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, fáìlì rẹ á wà lọ́dọ̀ wọn. Kúkì ni káàdì. Fáìlì sẹ́ṣọ̀n tó wà lórí sáfà ni fáìlì. Wákàtí 8 tí o kọ sí 'lifetime', ara káàdì lo kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá ti ju fáìlì nù, káàdì ò wúlò mọ́.

Ta ló wá ń ju fáìlì nù? Lórí Ubuntu àti Debian, PHP fúnra rẹ̀ kì í gbálẹ̀: session.gc_probability jẹ́ 0 níbẹ̀. Iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ sessionclean ló ń gbálẹ̀, ìṣẹ́jú kẹsàn-án àti ìṣẹ́jú kọkàndínlógójì wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń wá. Inú php.ini ló ti ń ka gc_maxlifetime (iye ìṣẹ́jú àáyá tí fáìlì lè fi wà), ohun tó sì wà níbẹ̀ bí èèyàn ò bá yí i padà ni 1440, ìyẹn ìṣẹ́jú 24. Kò mọ nǹkankan nípa ini_set tó wà nínú kóòdù rẹ.

Ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ kan ojú ewé gbẹ̀yìn ní 10:14, nígbà tí agbálẹ̀ dé ní 10:39 fáìlì rẹ̀ ti di ọmọ ìṣẹ́jú 25, ó ti lọ. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ní 10:16, ìṣẹ́jú 23 ni tirẹ̀ ní 10:39, ó yè é, ó wá di 11:09 kí wọ́n tó gbá a: ìṣẹ́jú 53. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú nìyẹn.

Fún sáìtì náà ní fódà tirẹ̀, lẹ́yìn òde fódà tí nginx ń pín:

```
mkdir /var/lib/php/alajeseku
chown www-data:www-data /var/lib/php/alajeseku
chmod 700 /var/lib/php/alajeseku
```

Inú /etc/php/8.1/fpm/pool.d/www.conf:

```
php_admin_value[session.save_path] = /var/lib/php/alajeseku
php_admin_value[session.gc_maxlifetime] = 3600
php_admin_value[session.gc_probability] = 1
php_admin_value[session.gc_divisor] = 100
php_admin_value[session.use_strict_mode] = 1
```

Kí o tún `systemctl reload php8.1-fpm`. Má gbàgbé ìlà gc_probability o. Sessionclean kì í dé fódà tuntun yìí, bí PHP náà bá sì ń fi 0 gbálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbá a. Fáìlì kéékèèké á kún títí inode (iye fáìlì tí díìsìkì lè gbà) á fi tán lórí díìsìkì, `df -h` á sì máa sọ fún ọ pé àyè ṣì wà. `df -i` ni wàá fi rí i. Use_strict_mode ní tirẹ̀ kì í gba nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n tí sáfà kò bá fúnra rẹ̀ fúnni. Bí o kò bá kọ ọ́, 0 ló wà, ẹnikẹ́ni lè fi nọ́ńbà tó wù ú lé kúkì, PHP á sì gbà á.

Èyí tí mo fẹ́ kí o mú lọ́wọ́ dáadáa ni pé gbígbálẹ̀ yàtọ̀ sí lílé èèyàn jáde. 1 nínú 100 túmọ̀ sí pé fáìlì tó ti yẹ kó kú lè wà láàyè pẹ́ bí kò bá sí ẹni tó ń wọlé. Kóòdù rẹ ló gbọ́dọ̀ wo aago:

```
$t = time();
if (isset($_SESSION['uid'])) {
  $dake = $_SESSION['oye'] ? 600 : 1800;
  if ($t - $_SESSION['kehin'] > $dake
      || $t - $_SESSION['wole'] > 43200) {
    jade();
  }
  $_SESSION['kehin'] = $t;
}
```

Ìṣẹ́jú 30 láìtẹ nǹkan fún ọmọ ẹgbẹ́, ìṣẹ́jú 10 fún akápò àti akọ̀wé tó lè fọwọ́ sí owó, wákàtí 12 fún gbogbo èèyàn bó ti wù kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ tó. Ìṣẹ́jú 30 àti wákàtí 12 wà nínú ẹ̀dà SP 800-63B, ìwé ìlànà ìwọlé tí NIST, àjọ ìlànà ti Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2017, fún ìpele ààbò kejì (AAL2). Ìṣẹ́jú 10 ti àwọn olóyè ni mo fi kún un.

Wákàtí 8 tí o ń lé kiri yẹn, fi sílẹ̀. Káfè ni o sọ. Ọmọ ẹgbẹ́ á dìde lórí àga, ẹlòmíràn á jókòó. Sọ 'lifetime' di 0 kí kúkì lè kú pẹ̀lú bùráúsà, ṣùgbọ́n má fọkàn tán ìyẹn nìkan: bí wọ́n bá ti ṣètò Chrome kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí, kúkì tó yẹ kó kú á jí padà pẹ̀lú ojú ewé. Aago orí sáfà nìkan ló dájú.

Wàyí o, àwọn tó wà lóko. session_regenerate_id(true) rẹ ló ń já wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: fóònù fi nọ́ńbà A béèrè ojú ewé. Sáfà pa A rẹ́, ó dá B, ó fi B ránṣẹ́ padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí B tó dé. Ọwọ́ fóònù, A ni. Ọwọ́ sáfà, B ni. Ìgbà tó bá tún béèrè, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, bí ojú ewé bá ń pe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú JavaScript, ìkíní á pa A rẹ́ kí ìkejì tó débẹ̀.

Ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà ni kí o pè é, tàbí tí agbára rẹ̀ bá yí padà, bíi ọmọ ẹgbẹ́ tó bọ́ sórí ojú ewé akápò. Níbi ìwọlé, true kò léwu: sẹ́ṣọ̀n tí o ń pa kò tíì ní nǹkankan nínú, bí ìdáhùn bá sì sọnù, ẹni náà á kàn tún pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ ni. Má sì yọ ọ́ kúrò ní ibi ìwọlé láéláé. Bí nọ́ńbà tó wà ṣáájú ìwọlé bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó fi nọ́ńbà yẹn sí bùráúsà káfè kí o tó jókòó á bá ọ wọlé.

AdugboDev

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹ so sẹ́ṣọ̀n mọ́ IP. Ẹ fi $_SERVER['REMOTE_ADDR'] sínú sẹ́ṣọ̀n, bó bá ti yí padà, ẹ lé e jáde. Olè kúkì kankan ò ní rí i lò.

IyaLinux

@AdugboDev, rárá o. Fóònù tó wà lórí dátà máa ń pààrọ̀ IP nígbà tó bá wù ú: ó já, ó tún so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó kúrò lórí dátà bọ́ sórí Wi-Fi, ó fi IPv6 béèrè ojú ewé kan tó sì fi IPv4 béèrè èkejì. Àwọn ará oko tí a ń wá ọ̀nà àti gbà sílẹ̀ náà ni ìyẹn máa kọ́kọ́ lé. Káfè ńkọ́? IP kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń lò, ibi tí a ti ń bẹ̀rù olè gan-an ni ààbò yẹn ò ti sí. Ẹ kọ IP sílẹ̀ kí akọ̀wé lè rí i, kó má jẹ́ òun ni yóò máa dájọ́.

OwodeStack

Ẹ kúulé o, láti Ọ̀yọ́. Ti ìsanwó ló kù, ohun tó wà nídìí ẹ̀ sì ju ohun tó hàn lọ.

SameSite=Strict túmọ̀ sí pé bí èèyàn bá ti sáìtì mìíràn bọ̀, bùráúsà kò ní gbé kúkì yín wá, ì báà jẹ́ lìǹkì lásán ló tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó jẹ́ sáìtì mìíràn. Ó dá ọmọ ẹgbẹ́ padà sọ́dọ̀ yín lọ́wọ́ òfo. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, kò burú: ojú ewé tó bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, láti inú sáìtì yín, á gbé kúkì wá. Kí ló dé tí kò wá rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo kóòdù yín. Ojú ewé ìpadàbọ̀ náà pe session_start(). PHP wò, kò rí kúkì, ó dá sẹ́ṣọ̀n tuntun tó ṣófo, ó sì fi Set-Cookie ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ kan náà, PHPSESSID. Bùráúsà gbà á, ó sì fi lé orí èyí tó dára. Sẹ́ṣọ̀n àtijọ́ ṣì wà lórí sáfà láìkú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lé e jáde.

Ẹ sọ ọ́ di Lax. Pẹ̀lú Lax, bí ìpadàbọ̀ bá jẹ́ GET lórí ojú ewé gangan, kúkì á bá a wá. Bó bá jẹ́ POST, kò ní wá. Ẹ ṣí ìwé ìtọ́ni ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lò kí ẹ wo èwo ni tiwọn. Bó bá jẹ́ POST, ojú ewé tó ń gbà á kò gbọdọ̀ pe session_start(). Kó ka nọ́ńbà ìdúnàádúrà, kó dáhùn pẹ̀lú 303 sí /risiti.php?ref=..., GET nìyẹn, kúkì Lax á sì bá a débẹ̀. Ẹ má lọ kọ SameSite=None kí wàhálà lè tán o. Ìyẹn ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo sáìtì ayé láti fi kúkì ọmọ ẹgbẹ́ yín béèrè nǹkan. Lax náà ò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tókìnì CSRF (nọ́ńbà àṣírí tó ń fi hàn pé inú sáìtì yín ni fọ́ọ̀mù ti wá): fọ́ọ̀mù tó bá ń yí nǹkan padà gbọ́dọ̀ jẹ́ POST, kó sì ní tókìnì nínú.

Ẹ tún yẹ ohun kékeré kan wò: àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ tí ẹ fún wọn, ṣé www wà níwájú ẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ń wọlé láìsí www? Kúkì tí kò ní Domain, orí àdírẹ́sì tó ti jáde nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ yan ọ̀kan, kí nginx fi 301 darí èkejì síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tó kúrò ní báńkì tí sáìtì ò mọ̀, ẹ̀bi sẹ́ṣọ̀n kọ́ nìyẹn. Àkọsílẹ̀ owó ò gbọdọ̀ dúró de bùráúsà rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ lè sanwó tán kí bátìrì kú. Webhook ni kí ẹ lò: sáfà wọn á pe sáfà yín tààrà. Kò ní kúkì lọ́wọ́, torí náà fáìlì tó ń ṣàyẹ̀wò ìwọlé kò gbọdọ̀ sí lórí ojú ewé yẹn. Bó bá wà níbẹ̀, 302 sí ojú ewé pásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n máa rí gbà, wọ́n á kà á sí pé ẹ ò gbọ́. Ìbuwọ́lù tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n, kí ẹ fi hash_equals() fi í wé tiyín, kí ẹ bi wọ́n padà lórí API nípa nọ́ńbà ìdúnàádúrà náà, kí iye owó sì bá èyí tí ẹ retí mu. Ẹ fi UNIQUE sórí nọ́ńbà ìdúnàádúrà nínú dátábéèsì, torí ìkéde kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì, owó kan á sì di méjì.

Ti JWT: sáfà kan, ohun èlò kan, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? JWT tí ẹ bá ti fọwọ́ sí, títí àkókò rẹ̀ á fi pé ló ń ṣiṣẹ́. Bí fóònù ọmọ ẹgbẹ́ bá sọnù ní Tákíè, ẹ ò lè fagi lé e àfi kí ẹ máa kọ orúkọ àwọn tí ẹ ti fagi lé sínú tábìlì, ẹ sì ti padà sí sẹ́ṣọ̀n láti ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń lò ó tún máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú localStorage, níbi tí JavaScript tó bá ráyè wọ ojú ewé yín lè kà á. HttpOnly tó wà lára kúkì yín báyìí ń dènà ìyẹn.

AjiletePHP

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pa cache, mo ti pa sẹ́ṣọ̀n gbogbo rẹ́, akọ̀wé ń pe àwọn èèyàn. Mo sọ ọ́ di Lax, regenerate wà níbi ìwọlé nìkan, webhook ti ń ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé wá fẹ́ rí àwọn tó wà nínú sáìtì, kó lè lé ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù jáde. Mo ṣe tábìlì kan: user_id, nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n, last_seen tó jẹ́ DATETIME, mo ń fi NOW() kọ ọ́. Lórí sáfà tí mo fi ń dán nǹkan wò, gbogbo ẹni tó wọlé ni wọ́n ń lé jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Ìlà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò:

```
if (time() - strtotime($row['last_seen']) > 1800) jade();
```

Mo ti yẹ aago sáfà wò, ó bá ti fóònù mi mu.

OnisafaSabo

Ẹ bi MySQL ní `SELECT NOW();`. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó fi wákàtí kan kéré sí ti fóònù yín.

UTC ni MySQL ń kà, Africa/Lagos ni PHP ń kà, ìyẹn UTC+1. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ níbí, NOW() kọ 09:00. Strtotime ka 09:00 yẹn bíi ti Èkó, ó rò pé wákàtí kan ti kọjá. 3600 ju 1800 lọ. Ó lé e jáde. Ká ní wákàtí 2 ni ẹ fún wọn ni, ẹ ò bá má rí i, wákàtí kan péré ni wọn ì bá sì máa lò níbẹ̀.

Ẹ má fi wákàtí kan kún un nínú kóòdù. Nọ́ńbà ni kí ẹ tọ́jú, kì í ṣe ọjọ́:

```
CREATE TABLE sesonu (
  ami CHAR(64) PRIMARY KEY,
  user_id INT NOT NULL,
  wole INT UNSIGNED NOT NULL,
  kehin INT UNSIGNED NOT NULL,
  ip VARCHAR(45), ua VARCHAR(255),
  INDEX (user_id)
);
```

Time() ti PHP ni kí ẹ kọ síbẹ̀, òun náà ni kí ẹ fi yọ. Òun ò mọ Èkó yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. 45 ni mo fún ip kí IPv6 lè gbà.

Ẹ sì wo ọ̀wọ̀n ami. Ẹ má kọ nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n fúnra rẹ̀ síbẹ̀. `hash('sha256', session_id())` ni kí ẹ kọ, lẹ́tà 64 gééré ló ń jẹ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà dátábéèsì yín, ì báà jẹ́ bákọ́ọ̀pù tí ẹnìkan gbàgbé sórí fílásì, kò ní rí nọ́ńbà tó lè fi wọlé. Password_hash kò pọn dandan níbí. Nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè méfò bíi pásíwọ́ọ̀dù, password_hash á sì kàn máa fa gbogbo ojú ewé sẹ́yìn ni.

Kò yẹ kí ẹ máa kọ kehin lórí gbogbo ìbéèrè. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá 60 lọ ni kí ẹ tún un kọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, `DELETE FROM sesonu WHERE user_id = ? AND ami <> ?`, kí gbogbo fóònù yòókù jáde. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kò bá sí nínú tábìlì, ẹ pe jade() fún un.

Ó kù kan tí ẹ máa bá pàdé láìpẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń gba àkọsílẹ̀ ọdún kan ní PDF, tí ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20, kò ní lè ṣí ojú ewé mìíràn títí á fi parí, torí PHP ti fáìlì sẹ́ṣọ̀n rẹ̀ pa bí ilẹ̀kùn. Ẹ pe session_write_close() bí ẹ bá ti ka uid tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ PDF.

AjiletePHP

Wákàtí kan gééré ni. Ó ti dúró báyìí.

Jade() tèmi, session_destroy() nìkan ló wà nínú ẹ̀, lìǹkì lásán ni mo sì fi ń pè é. Ṣé ó tó? Ẹnìkan ní lẹ́yìn tí òun jáde, òun tẹ àmì ìpadàsẹ́yìn, òun ṣì rí owó òun.

IyaLinux

Kò tó. Session_destroy ń pa fáìlì rẹ́, kúkì ṣì wà lọ́wọ́ bùráúsà, $_SESSION sì ṣì wà lọ́kàn PHP títí ojú ewé yẹn á fi parí. Bó ṣe yẹ kó rí:

```
function jade() {
  global $db;
  $db->prepare('DELETE FROM sesonu WHERE ami = ?')
     ->execute([hash('sha256', session_id())]);
  $_SESSION = [];
  setcookie(session_name(), '', [
    'expires' => time() - 3600, 'path' => '/',
    'secure' => true, 'httponly' => true, 'samesite' => 'Lax']);
  session_destroy();
  header('Location: /wole.php', true, 303);
  exit;
}
```

Exit yẹn, bí o bá gbàgbé ẹ̀, ojú ewé á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí o ti ní kó lọ.

Bọ́tìnnì ni kí o fi jáde, pẹ̀lú POST àti tókìnì. Bó bá jẹ́ lìǹkì, ẹnikẹ́ni lè fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú lìǹkì WhatsApp, bùráúsà tó bá fẹ́ ṣíwájú oníbàárà pèsè ojú ewé sílẹ̀ náà sì lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ti ìpadàsẹ́yìn, bùráúsà ló fi ojú ewé pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò tún bi sáfà. `curl -sI` ojú ewé náà kí o wo Cache-Control. Bí no-store kò bá sí níbẹ̀, ìlà kan nínú nginx, bíi `expires` tó wà fún àwòrán, ló ṣeé ṣe kó ń fọwọ́ kan fáìlì .php náà. Fi í mọ sórí .jpg, .css àti .js. Kí path tó wà nínú setcookie sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí o fi dá kúkì. Bó bá yàtọ̀, bùráúsà á kà á sí kúkì mìíràn, èyí tí o fẹ́ pa á sì jókòó síbẹ̀.